Kànga-Dẹ̀rọ Kò Lè Fọ Òjé Kúrò Lẹ́jẹ̀ Ọmọ Wa

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú tó ń bí mi ló mú mi kọ̀wé yìí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gé e kúrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò lágbègbè Ògijo wa níbí ta àtíbàbà sójú pópó, wọ́n gbé gbohùngbohùn jáde, wọ́n ní àwọn wá ṣí kànga-dẹ̀rọ fún aráàlú. Wọ́n pín ìwé ìkọ̀wé fún àwọn ọmọ iléèwé, orúkọ iléeṣẹ́ wà lára ẹ̀yìn ìwé náà gàdàgbà. Wọ́n pín ìrẹsì fún àwọn opó. Àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì ìjọba jókòó síwájú nínú agbádá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe iléeṣẹ́ náà ní ọ̀rẹ́ ìlú. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan dìde, ó bèèrè pé èéfín alaalẹ́ yìí ńkọ́. Olùdarí ètò gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọjọ́ ìdùnnú lọjọ́ òní, kí màmá jọ̀wọ́ jókòó.

Ìbéèrè màmá yẹn ni mo gbé wá síwájú yín, torí èéfín yẹn gan-an lọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ń gbé níhìn-ín mọ bó ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á koná mọ́ iléru, òórùn tó ń ta ni lọ́fun á bo gbogbo àdúgbò, àwa tá a ní ikọ́ fée kò ní sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fọwọ́ ra ojú fèrèsé, eruku dúdú tó kúnná bí àtíkè lẹ máa bá níbẹ̀. Aṣọ tí mo bá sá sẹ́yìnkùlé mọ́jú, àfi kí n tún un fọ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ti fi í sílẹ̀ fún kòkòrò, torí bó ti wù kí n ṣàn án tó, eruku náà ò tán nínú ìṣẹ́po ewé rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń rákò ń fọwọ́ gbálẹ̀ yẹn kiri, ọwọ́ kan náà ló sì ń tì bọ ẹnu.

Òjé, irin olóró tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, ló wà nínú eruku náà. Bátìrì mọ́tò àti ti ẹ̀rọ iná tó ti kú ni wọ́n ń kó wá síbí láti ìlú gbogbo. Àwọn ọ̀dọ́ á fi àdá là á, ọ̀pọ̀ wọn láìwọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á da ásíìdì inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yọ òjé, òjé á wọ iléru, ẹrù á sì gba Èkó kọjá sókè òkun. Owó bá ọkọ̀ òkun lọ, eruku ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wa. Òjé a máa wọ ẹ̀jẹ̀, a máa sá pamọ́ sínú egungun, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, nígbà tí òjé tó wà nínú òkúta wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400.

Kì í ṣe àhesọ. Ní 2025, àwọn oníròyìn tó ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ yìí ṣètò kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò ní Ògijo níbí. Nínú ẹni mẹ́wàá, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni méje ti dé ibi tó léwu. Kò sí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí kò sí nínú wọn. Ìjọba wá, ó ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa, gbogbo ayé gbọ́. Kò pẹ́ náà la tún rí èéfín.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi wò ó. Iléeṣẹ́ tó da òjé sórí ilẹ̀ wa ló tún gbẹ́ kànga sínú ilẹ̀ kan náà, ó ní ká máa mu ún, ká sì máa dúpẹ́. Ta ló yẹ omi náà wò? Mo dúró títí wọ́n fi tú àtíbàbà palẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ìwé àyẹ̀wò kankan han aráàlú. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá àgbà sí ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀ nípa ohun tó wà nínú omi.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ojúṣe iléeṣẹ́ sí àwùjọ ti dọ̀rọ̀ ìrẹsì àti àtíbàbà nílùú yìí. Ojúṣe àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ní ni pé kó má ṣe pa aládùúgbò rẹ̀ lára. Kó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín, kó kọ́ ibi tí ásíìdì máa dà sí tí kò fi ní wọlẹ̀, kó fi ẹ̀rọ la bátìrì dípò àdá. Ìyẹn wọ́n lówó ju kànga lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan kànga. Kànga-dẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún kò lè fọ òjé kúrò lẹ́jẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo.

Àwọn tí ìjọba ń sanwó fún pé kí wọ́n máa ṣọ́ àyíká dá kún un. Láti 1992 ni òfin ti wà nílẹ̀ Nàìjíríà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ máa dá sílẹ̀ lágbègbè kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Láti 2007 ni àjọ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó yẹ kó máa rí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, ti wà. Síbẹ̀ ohun tá à ń rí ni jíìpù tó wọ ọgbà lọ, géètì á tì, jíìpù á jáde, ìdákẹ́jẹ́ á tẹ̀ lé e. Wọn kì í yà sílé ẹnikẹ́ni. Wọn kì í bu omi kànga wa. A ò rí èsì kankan rí. Ẹni tó bá rojọ́ ni wọ́n á ní ó ń dí ìdàgbàsókè lọ́wọ́.

Wọ́n á tún ní iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ni òjé kọ́kọ́ ń mu. Ọmọ ilé kejì wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí inú rírun àti oríkèé ríro fi gbé e jókòó, wọn ò wá kí i, ká má tíì sọ owó ìtọ́jú.

Ibi tí aráàlú ti dìde, nǹkan yí padà. Ní Owino Uhuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mombasa ní Kenya, irú iléru báyìí wà níbẹ̀ rí. Phyllis Omido, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, rí i pé òjé ti wọ ara ọmọ tó ń fún lọ́mú, ló bá kó àwọn aládùúgbò jọ. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.3 owó ṣílè Kenya fún aráàlú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2024. Ohun tó wù mí jù ni pé ilé ẹjọ́ ò dá iléeṣẹ́ nìkan lẹ́bi, ó dá àwọn àjọ ìjọba tó dijú sí i lẹ́bi pẹ̀lú. Ní tiwa, àwọn ará Bodo ní ilẹ̀ Ogoni, tí epo Shell bo odò wọn ní 2008, London ni wọ́n gbé ẹjọ́ dé kí iléeṣẹ́ náà tó gbà ní 2015 láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Àwa ò lówó ọkọ̀ òfuurufú. Àbẹ́òkúta ló yẹ ká ti rí ìdájọ́ gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe rèé. Kí iléeṣẹ́ èyíkéyìí tó bá fẹ́ yọ́ òjé tó gbàwé àṣẹ, kó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ ní báńkì, owó tí ọwọ́ iléeṣẹ́ ò ní tó mọ́, tí ọwọ́ káńsù náà ò sì ní tó. Owó yẹn ni kí wọ́n fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pẹ̀lú ilẹ̀ ọgbà iléèwé àti omi kànga. Kí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù gba ẹ̀jẹ̀, kí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Àbẹ́òkúta bu ilẹ̀ àti omi. Kí iléeṣẹ́ má ṣe mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Kí wọ́n kọ èsì náà ní Yorùbá sára pátákó níwájú iléèwé, ní ilé ìtọ́jú aláìsàn, láàfin àti lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ gan-an, láìdárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò. Bí òjé bá ti pọ̀ sí i ju ti àyẹ̀wò tó ṣáájú, kí iléru kú lọ́jọ́ náà, kó má tàn títí àyẹ̀wò mìíràn á fi jáde, kí ìtọ́jú àwọn ọmọ tó kàn bẹ̀rẹ̀ látinú owó báńkì yẹn láìdúró de ẹjọ́. Ẹni tó lè gbé pátákó kànga ró ga bẹ́ẹ̀ lè gbé pátákó èsì ró.

Kí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ibi ìwẹ̀, kí wọ́n má fi aṣọ iṣẹ́ wọlé bá ọmọ. Kí àwọn tó ń ra òjé wa lókè òkun máa bèèrè bí wọ́n ṣe yọ́ ọ.

Mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká dá wa lóhùn nínú ìwé ìròyìn yín: ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa fún àyẹ̀wò, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀?

Èmi ni tiyín,
Ìyá àgbà kan,
Ògijo, Ìpínlẹ̀ Ògùn.