Ẹ̀sùn Lórí Àwọn Ìgbín Tí Ìkarahun Wọn Ti Bàjẹ́ Kí Wọ́n Tó Kúrò Lọ́dọ̀ Yín

Òkè-Fìà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Títa Ìgbín Ọ̀sìn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

A kí yín o. Ọ̀rọ̀ ogún ìgbín ọ̀sìn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa la fẹ́ bá yín sọ, àti ti ìwé ìtọ́jú pẹ̀lú àpò oúnjẹ tí ẹ fi kún un. Mọ́kànlá nínú àwọn ìgbín náà ni ìkarahun wọn fọ́ tàbí tó dá ihò. Ẹni tó gbé fóònù yín sọ pé awakọ̀ ló gbá páálí mọ́lẹ̀, pé awakọ̀ náà ni kí a lọ bá. A ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìkarahun fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí.

Ìkarahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kì í fara sin. Etí ibi tó fọ́ á funfun, á mú débi pé ó lè ya ni lọ́wọ́, ẹni tó bá sì wo inú ihò náà á rí ẹran ìgbín gbangba. Méjì péré ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án yòókù, nǹkan funfun tó ti le ti dí ojú ihò láti inú. Ìgbín kì í ti òde tún ìkarahun rẹ̀ ṣe. Awọ ara tó tẹ́ abẹ́ ìkarahun ló ń sun kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú ìkarahun le, jáde díẹ̀díẹ̀ láti fi lẹ ibẹ̀, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àlẹ̀mọ́ náà tó le. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni páálí yín lò lójú ọ̀nà. Nígbà wo ni ìgbín ráyè lẹ ihò mẹ́sàn-án?

Ẹ tún wo ṣóńṣó ìkarahun wọn. Awọ òde aláwọ̀ ilẹ̀ tó yẹ kó máa dán ti họ kúrò, funfun ló kù, àwọn ìlà tín-ín-rín sì wà lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ahọ́n ìgbín ló fa ìlà wọ̀nyẹn, torí eyín wẹ́wẹ́ ló kún orí ahọ́n rẹ̀. Nígbà tí ìgbín bá pọ̀ jù lójú kan tí kò sì sí kálísíọ̀mù, ìkarahun ara wọn ni wọ́n ń họ jẹ. Lóòótọ́, ìgbín àgbà a máa pá díẹ̀ lórí, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú ohun tí ẹ kó wá náà ti họ dé ìyípo kejì.

Ti ètè ìkarahun, ìyẹn etí ẹnu rẹ̀, ló burú jù. Ibẹ̀ ni ìkarahun ti ń dàgbà, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ìgbín. Ètè tiwọn ń tẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà téèyàn bá fi ìka kàn án. Àwọn kan já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn sì ni àmì ìgbín gbígbẹ tí wọ́n fi agbára fà kúrò lára ògiri. Nígbà ọyẹ́, ìgbín a wọnú ìkarahun, a dí ẹnu rẹ̀, a sì lẹ̀ pinpin. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń kán sí i, kí wọ́n dúró kó yọ orí, kí wọ́n tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti iwájú wá sẹ́yìn. Ẹni tó bá kánjú yóò ya awọ tó ń ṣe ìkarahun, èyí tó bá sì ya níbẹ̀, ìkarahun tó máa hù lẹ́yìn náà á wọ́ ni.

Ìwé ìtọ́jú yín ló jẹ́ kí a kọ̀wé dípò ká kàn pe fóònù. Ó ní kí a fi súpà gúlù lẹ ibi tó fọ́. Súpà gúlù kì í dúró sórí ìkarahun nìkan. Á ṣàn kan ẹran, á gbẹ síbẹ̀, á sì dé ìdọ̀tí mọ́ inú. Bí ihò bá ṣí sórí ẹran, awọ inú ẹyin ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Wọn á se ẹyin, wọn á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀, wọn á nu etí ihò gbẹ, wọn á tẹ́ awọ náà lé e ní tútù. Bó ṣe ń gbẹ ló ń lẹ̀. Kí wọ́n má ti í bọ inú ihò, kí wọ́n má sì ṣí i wò. Èérún ìkarahun tó bá ṣì rọ̀ mọ́ awọ òde, kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, ààbò ló jẹ́. Ìkarahun tó kàn sán lásán kò nílò nǹkan kan.

Ìwé yín tún ní kí a fi omi oníyọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti pa kòkòrò. Iyọ̀ kẹ̀! Ọmọdé Òṣogbo wo ni kò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí ìgbín? Omi mímọ́ tí kò ní kẹ́míkà ti tó. Ẹ tún ní kí àpótí rẹ̀ gbẹ kí ojú egbò lè jiná. Ìgbín tí ibùgbé rẹ̀ gbẹ á dí ẹnu, kò ní jẹun, kò sì sí ohun tí yóò fi lẹ ìkarahun. Èyí tó fara pa, orí bébà tíṣù tó tutù díẹ̀ ni kó máa gbé, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó dá wà. Tó bá ti le, a lè dá a padà sórí iyẹ̀pẹ̀ tó máa ṣù pọ̀ téèyàn bá fún un lọ́wọ́, tí omi kò ní kán nínú rẹ̀.

Àpò oúnjẹ náà, oúnjẹ adìẹ ayéyin ni ẹ tún dì. Iyọ̀ wà nínú ohun tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín. A ti gbé e sẹ́yìn. Ewé ìbẹ́pẹ́, kùkúńbà àti ìbẹ́pẹ́ pípọ́n la fi ń bọ́ wọn báyìí, pẹ̀lú èèpo ẹyin tí a fọ̀, tí a sè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí a sá, tí a sì lọ̀ kúnná. Àwo ọ̀tọ̀ ni a bù ú sí, kí ìgbín lè jẹ ìwọ̀n tí ara rẹ̀ bá fẹ́.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, àwa àti awakọ̀ la ó yanjú ìyẹn. Mẹ́fà tí ihò wọn kò kọjá ètè, a ò ní dá wọn padà, nítorí ètè a máa hù, ìrìn-àjò mìíràn ló lè pa wọ́n. Ìdajì owó wọn ni kí ẹ san padà. Mẹ́ta tó kù, ibi tó fọ́ ti dé òpó àárín tí iṣan ìgbín so mọ́, ó ṣòro kí wọ́n yè. Gbogbo owó wọn àti owó àpò oúnjẹ là ń gbà. Kí ẹ kó ìwé ìtọ́jú yẹn kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì ké sí gbogbo ẹni tó ti gbà á lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó bu iyọ̀ sómi.

Àwòrán ìgbín kọ̀ọ̀kan, lókè àti ní ẹ̀gbẹ́ ètè, wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. À ń retí èsì yín kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ má ṣe kó ìgbín mìíràn wá dípò àwọn wọ̀nyí kí a tó fohùn ṣọ̀kan.

Àwa ni tiyín,
Àwa olùsìn ìgbín, Òkè-Fìà.