Ìwọ Ilẹ̀ Ni Ọ̀rọ̀ Náà Ń Bá Wí

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí
Ẹ ka Oníwàásù 10:16–20

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú òjò. Mo mọ bí omi ṣe gba ojú ọ̀nà láti Òyìngbò wá síbí, síbẹ̀ ẹ ká ṣòkòtò, ẹ ṣán aṣọ, ẹ wá. Olúwa yóò san án fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ojú ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Ó ti parí láti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí mo ti ibi ẹ̀kọ́ Bíbélì délé, n kò lè fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo mú ìwé náà, mo fà á ya. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: fídíò kan ń lọ káàkiri, tí ẹni ńlá kan tó wà ní ipò àṣẹ ti bú ẹnì kan, bàbá méjì nínú ìjọ wa sì fẹ́ẹ̀ jà lórí rẹ̀, tí ọ̀kan ń ka ẹsẹ kan lòdì sí ẹni ńlá náà, tí èkejì ń ka òmíràn láti gbè é. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wádìí ohun tó sọ gan-an, kò sí èrè kankan níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gba iwájú yàrá àwọn ọmọdé kọjá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, omi ṣì ń kán láti òkè àjà sínú báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé sí àárín yàrá. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó na ìka sí ọmọ kejì lójú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ inú fídíò yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, pẹ̀lú ohùn yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín tí wọ́n fi parí rẹ̀. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ nírú ọ̀rọ̀ báyìí?" Kò tilẹ̀ bẹ̀rù mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ṣebí ẹni ńlá ló sọ ọ́."

Mo wo ọmọ náà títí. N kò rí èsì fún un. A máa ń pòwe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ni ká wá sọ nígbà tó jẹ́ àgbà ọjà gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ, tí gbogbo ọjà sì ń wò ó lórí fóònù?

Ẹ ṣí Bíbélì yín. "Ègbé ni fún ọ, ìwọ ilẹ̀, nígbà tí ọba rẹ bá jẹ́ ọmọdé, tí àwọn ọmọ-aládé rẹ sì ń jẹun ní kùtùkùtù." Ẹsẹ 16 nìyẹn. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ 20: "Má ṣe bú ọba, kódà nínú èrò rẹ." Ẹsẹ mẹ́ta péré ló là wọ́n láàárín. Ẹsẹ tí ẹnì kan fi ń na ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́gba, àti ẹsẹ tí ẹnì kejì fi ń dá a padà, ojú ìwé kan náà ni wọ́n jọ wà, ẹnu kan náà ló sọ wọ́n. Oníwàásù kò rí ìjà láàárín wọn. Àwa la rí ìjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "ọmọdé" yẹn, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 8 ni Jòsáyà nígbà tó jọba, Bíbélì sì sọ pé ó ṣe ohun tó tọ́ lójú Olúwa. Ọmọ ọdún 7 ni Jóáṣì, ó sì rìn dáadáa ní gbogbo ìgbà tó fi gbọ́rọ̀ sí àlùfáà Jèhóyádà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Rèhóbóámù, ọmọ Sólómọ́nì! Ọmọ ọdún 41 ni nígbà tó gorí ìtẹ́. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Àwọn àgbà ìlú bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ tútù dá àwọn èèyàn lóhùn. Ó kọ̀. Ó lọ bá àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, wọ́n sì kọ́ ọ ní èsì pé ìka òun kékeré nípọn ju ẹ̀gbẹ́ bàbá òun lọ. Ọ̀rọ̀ ìta gbangba kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ni. Ẹ̀yà mẹ́wàá ló tìtorí èsì yẹn kúrò lábẹ́ ilé Dáfídì, wọn kò sì padà mọ́. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò ní ẹsẹ 16, na'ar, ó lè jẹ́ ọmọdé, ó sì lè jẹ́ ìránṣẹ́. Mo ti ń ro ọ̀kejì yẹn láti àná. Ẹni tí ìbínú rẹ̀ ń rán níṣẹ́, tí ahọ́n rẹ̀ ń rán níṣẹ́, ìránṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ni adé wà.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí Oníwàásù ń sọ. Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn Aláàfin Aólẹ̀. Kó tó jọba, oníṣòwò ni. Ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà Àpòmù, Baálẹ̀ Àpòmù sì ní kí wọ́n na Aólẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbà ọ̀dọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi í jọba, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti kú. Kò kú. Ó gbé e lọ sórí ìtẹ́ bí ọmọdé ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ sápò, ó ní àfi kí wọ́n gbógun ti Àpòmù, ìlú tó wà lábẹ́ Ifẹ̀, ibi tí Aláàfin ti búra pé òun kò ní fọwọ́ kàn. Baálẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ Ọọ̀ni, ó sì pa ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Nígbà tí àwọn ìjòyè kọ̀ ọ́, tí wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, àmì pé kó kú, Aólẹ̀ jáde, ó ta ọfà, ó gégùn-ún, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, ó ní igbá tó fọ́ a máa ń dí i, àmọ́ àwo tó fọ́ kò ṣe é lẹ̀. Ó kú. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ gbèsè rẹ̀? Kì í ṣe òun. Àwọn tó ń dáko ní Ọ̀yọ́ Ilé ni, àwọn ìyá tí wọ́n fi okùn dè nígbà ogun, tí wọ́n kó wá sí etí omi Èkó yìí.

Ẹ padà síbi ẹsẹ náà kí ẹ tún un kà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kà á, n kò rí i dáadáa àfi lọ́sẹ̀ yìí. "Ègbé ni fún ọ, ìwọ ilẹ̀." Kò ní ègbé ni fún ọba. Ọba ló ṣe bí ọmọdé, ilẹ̀ ni ègbé bá. Ó dùn mí. Mo ní, Olúwa, ṣé ìdájọ́ nìyí? Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí ló mọ̀? Kò dìbò, kò bú ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ orí rẹ̀ ni òjò ti kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ìdí nìyẹn tí ipò fi ní ẹ̀wù. Àwọn bàbá wa ta ìlẹ̀kẹ̀ sí iwájú adé kí ó bo ojú ọba. Ìlú kò fẹ́ mọ bí ojú ọkùnrin yẹn ṣe rí nígbà tí inú ń bí i. Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 náà mọ̀ ọ́n. Nínú ìbúra tí Ààrẹ ń ṣe kó tó wọlé, ó ń búra pé òun kò ní jẹ́ kí ire ara òun darí ìwà òun lẹ́nu iṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ojú adé nìyẹn, ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá ṣí i sókè, tó yọ ahọ́n, kò tú ara rẹ̀ nìkan síhòòhò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn, ẹ kò ṣẹ̀. Mo fẹ́ kí ó yé yín. Ẹni tó ní kí ẹ dákẹ́ nítorí ẹsẹ 20, kò ka ẹsẹ 16. Bíbú ni ẹsẹ 20 ní ká má ṣe. Kò ní ká má sọ òtítọ́. Wòlíì Nátánì kò bú ọba Dáfídì. Ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó ní, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju èébú lọ, kò sì sí ìdọ̀tí kan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò tíì parí, inú mi kò sì tíì rọ̀.

Ilẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ta ni ilẹ̀? Àwa ni. Ẹ wo ẹsẹ 19: "Owó ní ń dáhùn ohun gbogbo." Ẹ mọ ẹsẹ yẹn! Ìdajì ìjọ yìí mọ̀ ọ́n lórí. A ti kọ ọ́ sórí ìwé ètò ìkórè wa rí. Kò sí ẹni tó kọ ẹsẹ 16 sórí ìwé ètò kankan. Nígbà ìkórè tó kọjá, ẹni tí a mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, ẹni tó ti bú obìnrin opó ní gbangba ládùúgbò wa yìí, àga iwájú la gbé e sí. A fún un ní máìkì. Èmi olùṣọ́ yín ni mo dìde kí i. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó dún nínú ilé Ọlọ́run, a rẹ́rìn-ín, nítorí a kò tíì gbọ́ iye tó máa sọ. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ṣé irú ilẹ̀ yẹn lè bínú pé ọba òun kò níyì?

Ìwọ tí o fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn pẹ̀lú ẹ̀rín, o ní ò ń tú àṣírí. Ṣé o wo ojú ọmọ rẹ tó jókòó tì ọ́ nígbà tí ò ń tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta? Ìwọ àgbà ìjọ tó ń pariwo nípàdé ìgbìmọ̀, tó ń gbá tábìlì, tó ń ranti ohun tí ẹnì kan ṣe sí ọ ní 2011, kí ni ìyàtọ̀ ìwọ àti Aólẹ̀? Ìyá tó ń bú kọ̀ǹdọ́kítọ̀ láti Ojúẹlẹgba dé Yábàá lórí ṣéńjì, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ ìjọ lára! Ọkùnrin méjì tó ti hu irun funfun, tí wọ́n fẹ́ẹ̀ di ara wọn lọ́rùn mú nítorí ẹni tí kò mọ orúkọ wọn! Ẹ jẹ́ kó tì wá lójú. Ilé a máa jò láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Ẹsẹ 18 sọ bẹ́ẹ̀: "Nípa ọ̀lẹ ọwọ́, ilé a máa jò." Ẹnikẹ́ni kò jí páànù ilé náà. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo omi.

Mo ti le jù, mo mọ̀. Nítorí mo nífẹ̀ẹ́ yín ni.

Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì máa gbàdúrà fún àwọn ọba àti gbogbo ẹni tó wà ní ipò àṣẹ. Ẹ mọ ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ní Róòmù láti 54 sí 68? Nero ni. Ọba tó ń gun orí pèpéle eré lọ kọrin, tó ń fi háàpù dá àwọn èèyàn lára yá, tí ojú ń ti àwọn àgbà ìlú nítorí rẹ̀. Ní 67, níbi eré Olympia, ó já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, kò parí eré náà, síbẹ̀ wọ́n gbé adé fún un. Àwọn adájọ́ wà níbẹ̀, wọ́n rí i tó ṣubú. Owó ló dáhùn. Irú ọba bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kristẹni ìgbà náà ń gbàdúrà fún, kì í ṣe nítorí pé ó dára, bí kò ṣe "kí a lè máa lo ayé wa ní ìdákẹ́jẹ́ àti ní pẹ̀lẹ́." Nítorí ilẹ̀ ni.

Màmá wa kan wà tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti wà níbí kí aago mẹ́fà tó lù. N kò mọ ohun tí wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ, àfi Ọjọ́bọ̀ yìí tí mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Olúwa, fi ìtìjú tó ń gba ni là sínú rẹ̀. Má fi èyí tó ń pa ni." Wọ́n ń sọ ọ́ nítorí ẹni ńlá yẹn, bí ẹni ń gbàdúrà fún ọmọ bíbí inú wọn. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo sunkún.

Ẹ wá ká jọ gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin bàbá méjèèjì, mo ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ kékeré yẹn, mo ti gbé e lọ́wọ́, mo ti sọ fún un pé ohun ńlá kọ́ ni ẹni ńlá sọ. Ó ní òun ti gbọ́. Mo gbà á gbọ́.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Olúwa.

Ìfilọ̀: Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ mú Bíbélì wá, ẹ fi fóònù sílé. Ìkéde ìgbéyàwó kejì wà lára ògiri. Ẹgbẹ́ akọrin, ìdánrawò ti kúrò ní ọjọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó mú àga ike márùn-ún lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ dá wọn padà. Ẹ má gbé ọkọ̀ dí ẹnu géètì aládùúgbò wa mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà, páànù yàrá àwọn ọmọdé: a ti ra ti tuntun, ó ku ọwọ́ tí yóò kàn án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje àárọ̀. Ẹni tó bá ní àkàbà, kó gbé e wá. Iṣẹ́ la máa kọ́kọ́ ṣe, oúnjẹ yóò wà tí a bá ṣe tán.