Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: fáìlì ISO tí a fún yín kò bàjẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kubwa, Dutse, Bwari àti gbogbo àyíká, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú eruku.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan nínú yín ti ń padà wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fláàṣì tí a da díìsì DVD wọn kọ sí gẹ́gẹ́ bí ISO (àdàkọ odidi díìsì nínú fáìlì kan) lọ́wọ́, tí wọ́n fajú ro. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: "Ẹ ní ẹ ti da díìsì wa kọ, a ò rí fídíò kankan níbẹ̀." Bàbá kan tilẹ̀ wà tí ọmọ wọn yí ìdí orúkọ fáìlì náà padà, ó sọ .iso di .mp4, ó fẹ́ fi í sórí WhatsApp ẹbí. Kò lọ, kò sì ṣí. Ìsìnkú ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà n kò bá bàbá jà. Ṣùgbọ́n ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, àwọn mọ̀lẹ́bí mi tó ń ta súyà ní òdìkejì títì gbọ́ ọ. A dá orúkọ fáìlì padà, ó ṣí, bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí i pé àwa la jẹ̀bi: a gbé nǹkan fún èèyàn, a ò sọ bí wọn yóò ṣe lò ó.

DVD tí ẹ ń gbé wá kì í ṣe fídíò kan ṣoṣo. Ẹ bá a dé inú kọ̀ǹpútà, fólídà kan tó ń jẹ́ VIDEO_TS lẹ máa rí. Inú rẹ̀ ni wọ́n gé fídíò náà sí, ẹyọ kan kì í ju 1 GB lọ, àwọn fáìlì kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti lè yan "ìwọlé ìyàwó" tàbí "ìnáwó alẹ́". Ẹni tó bá kàn ń fa fídíò yẹn jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, ètò yẹn ló ń dà nù. Àwa ń ka díìsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe wà gan-an, a sì ń dì í sínú fáìlì kan. Òun ni ISO. Ara ìlànà ISO 9660 ni orúkọ yẹn ti wá, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1988 lórí bí fáìlì yóò ṣe jókòó sórí CD. Òyìnbó ń pè é ní disc image, ṣùgbọ́n ẹ má wá fọ́tò nínú rẹ̀. Àdàkọ odidi díìsì ni.

MP4 tí gbogbo wa mọ̀ dà bí àkùkọ tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti din. ISO ni àkùkọ tó ṣì wà láàyè. Ẹ lè pa á nígbà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ti din, kò ní kọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta kú pé kí ẹ gba ISO, kódà bí MP4 nìkan lẹ bá fẹ́ wò.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo Windows 8, 10 tàbí 11, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Mount. Kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ẹ ti ki díìsì gidi bọ òun lẹ́nu. Lẹ́tà tuntun, bíi E tàbí F, yóò yọ ní This PC, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ki nǹkan kan. Laptop tí kò ní ojú díìsì rárá yóò ṣe é, àwọn tuntun ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní in mọ́. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ tẹ Eject. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ tún un tàn, lẹ́tà yẹn yóò ti lọ, ṣùgbọ́n fáìlì yín kò kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ẹni tó ń lo Mac, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì di Windows 7 mú, ẹ máa nílò WinCDEmu, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá yín ṣe Mount, ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyí: wọ́n ti Mount, wọ́n rí fólídà, fídíò ò sọ̀rọ̀. Láti Windows 8 ni Microsoft kò ti fi ohun tó ń ka DVD sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ gba VLC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí fídíò, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kódà VLC kò nílò Mount: ẹ wọ́ ISO náà sínú rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti sọ èyí láti òkè. Ẹ má bínú.

Ti fláàṣì náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ fláàṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà, FAT32, ọ̀nà kan tí fláàṣì ń gbà to fáìlì, ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan tó bá pé 4 GB. DVD tó kún jẹ́ 4.7 GB. Bí fláàṣì 64 GB yín bá ní òun kò láyè, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n tà fún yín. ExFAT, ọ̀nà ìtò mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá, ló yẹ kó jẹ́. Ẹ gbé e wá, a ó yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, nítorí gbogbo rẹ̀ ni yóò parẹ́. Bí Windows bá sì kọ 4.38 dípò 4.7, a kò yọ nǹkan kan. Ọ̀nà tí òun ń gbà ka GB ló yàtọ̀ sí tàwọn tó ń ṣe díìsì.

VCD àtijọ́, díìsì fídíò tó ṣáájú DVD, ń kọ́? Díìsì ìkómọ ọdún gbọ́rọ́ wọ̀nyẹn kì í wọ inú ISO dáadáa. Fáìlì méjì la ń fún yín, BIN àti CUE, ẹ má yà wọ́n. Windows fúnra rẹ̀ kì í Mount wọn, WinCDEmu ń ṣe é.

Díìsì tó mọ́, kí ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ padà wá. Èyí tí ara rẹ̀ ti ha, ó lè gbà wá ní odidi ọjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdí aṣọ yín nù ún kiri bí ẹni ń nu àwo. Aṣọ múlọ́múlọ́, láti àárín lọ sí etí.

Fíìmù tí ẹ rà, a kì í da á kọ. Wọ́n ti ti ọ̀pọ̀ nínú wọn pa, òfin Copyright ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, sì ka jíjá irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Kí ẹ má pè mí ní ahun. Ìgbéyàwó yín, ìsìnkú àgbà yín, ìwúyè yín, ẹ kó wọn wá.

Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni a ń fi tọ́jú fáìlì tí ẹ kò bá tíì wá gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó pa á rẹ́ kí a lè ráyè fún ẹlòmíràn.

Èmi ni tiyín,
Oníṣọ́ọ̀bù yín ní Kubwa