Iná ọba àti ẹ̀rọ pákí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ọrọ̀-ajé agbègbè àti òṣèlú iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ìlọpákí kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, kì í ṣe nínú ìwé o. Ìyá tó ni ín rọ dísẹ̀lì sí i, ó fi ìró nu ọwọ́, ó ní: "Tíṣà, epo yìí ló ń jẹ èrè gàrí mi."

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fàyè gba ìpínlẹ̀ láti máa bójú tó iná fúnra wọn. Ó dáa. Bí ìpínlẹ̀ bá wá ń fa wáyà iná tuntun, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni, àbí ìyá onígàrí?

Olùkọ́ yunifásítì kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.