Lẹ́tà sí Rónkẹ́ nípa Àǹtí mi

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Rónkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? O béèrè Àǹtí mi, mo sì ń fi ìdáhùn falẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ọjọ́ tí wọ́n gba kímò tó kẹ́yìn, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn wọn, a se ìrẹsì, a dúpẹ́. Nígbà tí ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́, gbogbo wa la yí wọn ká: ẹnì kan ń gbé wọn lọ ọsibítù, ẹlòmíràn ń se ọbẹ̀. Bí kímò ṣe parí, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Oṣù kejì ni mo bá wọn níwájú ìkòkò aró, tí aṣọ oníbàárà ti wà nínú rẹ̀ láti àná, wọn ò yọ ọ́. Àǹtí mi o! Ẹni tí kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan àdìrẹ òun.

Mo ní ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló bi wọ́n lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, láti mọ̀ bóyá àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe wọ́n. Máàkì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ 27. Bó bá ti tó 10, ó yẹ kí dókítà yẹ ẹni náà wò dáadáa. Tiwọn jẹ́ 16. Mo jiyàn: àìrí oorun sùn, àìlèjẹun, àárẹ̀, ṣebí kímò ló fà á? Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tóun fi ń tẹjú mọ́ ìbéèrè méjì àkọ́kọ́: ṣé ohun tó máa ń wù wọ́n ṣe ṣì ń wù wọ́n, àti ṣé inú wọn kì í bà jẹ́ ṣáá. Ìkòkò aró ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wá kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe wọ́n rí? Ta ló ń bá wọn gbé? Ìrora ńkọ́? Gbèsè ńkọ́? Ó ní ibẹ̀ la ti ń fura sí ẹni tó yẹ ká máa ṣọ́, bí kò tiẹ̀ dájú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Rónkẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bá wọn mu! O rántí ọdún tí ọkọ wọn kú, tí wọn ò jáde fóṣù mẹ́ta? Mo mọ̀, mi ò sì sọ fún dókítà kankan. Ó ń dùn mí.

Wọ́n ní ká lọ sí Arò, ọsibítù ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. O mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílùú yìí: kéèyàn tó dé géètì ni wọ́n ti pè é ní wèrè. Bọ̀ọ̀dá wa yarí. Mo rán wọn létí pé 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ibẹ̀, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́.

Dókítà tó rí wa kọ́kọ́ béèrè oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń lò. Bó ṣe gbọ́ tamoxifen, ó ní òun ò ní kọ paroxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, torí ó máa ń dín iṣẹ́ tamoxifen kù. Ó kọ òmíràn.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni kó o bá wọn sọ, má dárúkọ ọyàn.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí