Pẹ́ńsù HB nìkan kò tó fún iṣẹ́ àwòrán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn òbí tó ń ra pẹ́ńsù l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́ pé HB (àmì tó wà lára pẹ́ńsù, tó ń sọ bó ṣe le tàbí rọ̀ tó) dára fún ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ àwòrán nílò 2H, 2B àti 6B pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sí òjé nínú pẹ́ńsù o, bí ọ̀pọ̀ èèyàn tilẹ̀ rò pé ó wà níbẹ̀. Gráfáìtì, ohun àlùmọ́ọ́nì dúdú kan, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ amọ̀, tí wọ́n sì sun nínú iná ni. Conté, ará Faransé, ló gbàwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí ní 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, ó máa ń le, ìlà rẹ̀ á sì ṣá: H nìyẹn. Bí gráfáìtì bá pọ̀, á rọ̀, á sì dúdú: B. HB wà láàárín méjèèjì. Bí nọ́ńbà iwájú H bá ṣe pọ̀ tó ni líle rẹ̀, bí ti iwájú B bá sì ṣe pọ̀ tó ni rírọ̀ rẹ̀.

2H ni kí ọmọ fi fa ìlà àkọ́kọ́, kó má tẹ̀ ẹ́ rárá. Bó bá tẹ̀ ẹ́, bébà á jin, 6B kò ní wọbẹ̀, ìlà funfun á wá hàn gedegbe láàárín òjìji. Ibi tó bá fẹ́ kó dúdú, kó máa fi 6B lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Àtẹ̀jù ló ń mú kí àwòrán máa dán bí irin. Kó tẹ́ bébà mímọ́ sábẹ́ ọwọ́, nítorí òógùn.

Pẹ́ńsù tó ń kán ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́ ẹ sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti já bọ́ lulẹ̀. Inú rẹ̀ ti fọ́.

Ìyẹ̀fun 6B wúlò fún àgádágodo tó ń há: kì í kó eruku jọ bí òróró. Ẹ má kàn jẹ́ kó bọ́ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, torí ó ń gbé iná mànàmáná.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ ọnà,
Àkúrẹ́