Ta ló ní àgbẹ̀ ò gbìn tó?

Sí Olóòtú,

Nígbàkígbà tí owó gáàrì bá lé sókè, àwa àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi pé a ò gbìn tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi: ọ̀nà oko ni ìṣòro wa.

Abà kan lápá Ìdànrè ni mo ti ń dáko. Láti títì ọlọ́dà dé oko mi kò ju máìlì 4 lọ, ṣùgbọ́n bí òjò oṣù kẹfà bá ti dé, ọ̀nà náà á di ẹrẹ̀, ọkọ̀ ò ní lè wọlé mọ́. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sì hú, bí ọjọ́ 2 sí 3 ló ní kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ọ̀kadà ló kù, àpò 2 péré ló sì ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà ò ṣeé gbọ́ sétí.

Kí ni kí èèyàn ṣe? A ń fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, ó ń gbó, ó ń di igi, orí ilẹ̀ tí à bá fi gbin àgbàdo ló sì jókòó lé. Bó bá di ọdún kejì, ebè tí a ń kọ á dín kù. Èmi gan-an ti dín tèmi kù.

Kòkó sàn díẹ̀, torí ó ṣeé sá gbẹ kó sì dúró. Síbẹ̀, alájàpá tó bá fi ọkọ̀ wọ ẹrẹ̀ yẹn ló ń dá iye lé e. Mi ò bá a jà, táyà tirẹ̀ ni ọ̀nà náà ń jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ìdì 11 ló pọ́n mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ewúrẹ́ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ajílẹ̀ tí mo rà ní Àkúrẹ́ náà, ìgbà tí àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ló tó dé oko.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀dà o. Kí katakata kan wá tún ojú ọ̀nà ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sí i, torí omi tí kò ríbi gbà ló ń ba ọ̀nà oko jẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fi igi ọ̀pẹ ṣe afárá sórí odò wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbàrá gbé e lọ. Bí awakọ̀ katakata náà bá dé, iyán ọjọ́ náà ń bẹ lọ́rùn wa.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, Ìdànrè